Nígbà Tí Gbogbo Ilé Sinimá Ń Pè É Pé Kó Dúró

Ẹni tó bá wo fíìmù Romeo + Juliet nínú ilé sinimá tó kún fọ́fọ́ lọ́dún 1997 kò ní gbàgbé ariwo tó máa ń ta nígbà tí ọmọbìnrin yẹn bá lajú. Romeo ti wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Àbẹ́là ń jó lọ́tùn-ún lósì, àgbélébùú oníná búlúù tò lọ títí dé ibi tí wọ́n tẹ́ Juliet sí. Ó gbà pé òkú ni. Ó ti dágbére fún un tán, ìgò májèlé ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa tí à ń wòran là ń rí ohun tí òun kò rí: ìka ọmọbìnrin náà ń mira díẹ̀díẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú là. Ọwọ́ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀ bí ọkọ ṣe ń gbé májèlé sẹ́nu.

Ibẹ̀ ni gbogbo ilé máa ń ké lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á ní kó má mu ún. Wọ́n á ní kó wojú ẹ̀, pé ó ti jí. Àwọn ọmọbìnrin á bú sẹ́kún, àgbà ọkùnrin á fọwọ́ bo ẹnu. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí ẹnì kan ké "Yéè, mo gbé o!" nínú òkùnkùn, mo sì mọ̀ láìrí i pé ará ilé ni.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà náà ló jẹ́ kí n mọ èyí. Sinimá kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tí kò jìnnà sí Peckham, ló gbà mí síṣẹ́ alẹ́. Mò ń lọ sílé ìwé lọ́sàn-án. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, màá so táì mọ́ ọn, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà máa já tíkẹ́ẹ̀tì èrò sí méjì. Tí wọ́n bá ti paná, èmi ni mo máa ń mú tọ́ọ̀ṣì dúró lẹ́yìn, kí n lè fọ̀nà han ẹni tó bá pẹ́ dé, kí n sì rí i pé ẹnikẹ́ni kò dí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Nílé sinimá àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lòfin. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yíjú wò ó, wọ́n á ní kó ṣe sùúrù, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá pè mí. Ẹni tó bá ń dúró lẹ́yìn bẹ́ẹ̀ lálaalẹ́ kì í pẹ́ tó fi máa dẹ́kun wíwo fíìmù. Èrò ló máa ń wò: ẹ̀yìn orí wọn, èjìká wọn, bí wọ́n ṣe ń jẹ gúgúrú, àti ibi tí ọwọ́ wọn ti ń dúró nínú ike gúgúrú náà.

Fíìmù náà ti jáde ní Amẹ́ríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ọdún 1996. Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù Kẹta ọdún 1997, ló tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọjọ́ náà sì ni Gúdù Fúráìdè. Baz Luhrmann, ọmọ Ọsirélíà, ló darí rẹ̀. Ó gbé ìtàn tí William Shakespeare kọ ní nǹkan bí ọdún 1595 kúrò ní Verona ayé àtijọ́, ó gbé e lọ sí ìlú kan tí kò sí lórí àwòrán ilẹ̀, Verona Beach, létí òkun, níbi tí ère Jésù gogoro kan ti dúró sáàárín ilé gíga àwọn olówó méjì tí wọ́n ń bára wọn ṣọ̀tá. Mẹ́síkò ni wọ́n ti yà á, ní Mexico City àti ní Veracruz. Idà di ìbọn ìléwọ́, ṣùgbọ́n wọ́n kọ orúkọ idà sára ìbọn náà kí ọ̀rọ̀ inú eré lè dúró bó ṣe wà. Ẹni tó máa ń bọ́ sórí ìtàgé láti ṣíde ìtàn di obìnrin tó ń ka ìròyìn nínú tẹlifíṣọ̀n kékeré kan. Bákónì tí gbogbo ayé mọ̀ di omi ìlúwẹ̀ẹ́ ẹ̀yìnkùlé olówó. Èdè nìkan ni wọn kò pààrọ̀. Wọ́n gé e kúrú, àmọ́ ọ̀rọ̀ Shakespeare gan-an ló ń jáde lẹ́nu àwọn ọmọ ìta wọ̀nyẹn, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó lára àti ìbọn lábẹ́ abíyá.

Àwọn tó mọ̀wé ti ń sọ kó tó dé pé àwọn ọ̀dọ́ ò ní gbọ́ èdè náà. Lóòótọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ kì í rọrùn. Ìjà ilé epo nìyẹn: àwọn ọmọ Montague, ilé Romeo, àti àwọn ọmọ Capulet, ilé Juliet, pàdé níbi tí wọ́n ti ń rọ epo sí mọ́tò, Tybalt ti ilé Capulet dé pẹ̀lú bàtà onírin ní gìgísẹ̀, ìbọn ń dún, iná sọ. Àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tí wọ́n wọlé pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù á máa wo ara wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí gbólóhùn tó bá yí lọ́nà tí etí wọn kò mọ̀. Mo máa ń rò ó pé ibẹ̀ ni wọ́n máa dìde. Wọn kì í dìde. Nígbà tí Romeo bá fi máa jókòó létí òkun pẹ̀lú sìgá àti ìwé kékeré lọ́wọ́, ilé á ti rọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó ń ṣe ọmọ náà.

Tó bá wá di ibi àpótí gíláàsì tí ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, gúgúrú á dúró pátápátá. Òde àríyá ni wọ́n wà, kálukú múra bí ẹlòmíràn: bàbá Juliet múra bí ọba Róòmù, ẹni tí wọ́n fẹ́ fi Juliet fún, Paris, wọ aṣọ àwọn tó ń lọ sínú òṣùpá, Tybalt di èṣù, Juliet di áńgẹ́lì, Romeo di jagunjagun inú ìtàn. Romeo bọ́jú, ó gbójú sókè, ó rí ojú kan láàárín ẹja. Des'ree, olórin adúláwọ̀ ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, ló ń kọrin níbi àríyá náà, a sì máa ń rí àwọn ọmọbìnrin adúláwọ̀ tí wọ́n ń tọ́ka sí i fún ara wọn. Leonardo DiCaprio tó ṣe Romeo ni ọ̀pọ̀ wọn tìtorí ẹ̀ wá, mi ò ní parọ́. Àwòrán rẹ̀ wà lára báàgì wọn, wọ́n sì máa ń ké nígbà tó bá kọ́kọ́ yọjú. Àmọ́ igbe yẹn yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n máa ń ké níparí. Ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì kò ní ṣi ọ̀kan pè fún èkejì.

Àwọn kan wà tó bínú. Tọkọtaya àgbàlagbà ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, òyìnbó, àwọn tó ti wo eré náà lórí ìtàgé lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n sì fẹ́ràn fíìmù tí Franco Zeffirelli ṣe lọ́dún 1968. Bàbá kan bá mi lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí fíìmù kò tíì dé ìdajì. Kò bá mi jà o, ọmọlúàbí ni. Ó kàn ní òun fẹ́ kí n mọ̀ pé ohun tí wọ́n ṣe sí eré náà kò dára, pé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà yẹn kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ewì, pé ariwo orin bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, pé ìbọn kì í ṣe ti Shakespeare. Omi fẹ́ẹ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀. Ohun tó fẹ́ràn tọkàntọkàn ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, bó ṣe rí i nìyẹn, n kò sì lè fojú kékeré wo irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀ mi ò gbà pẹ̀lú rẹ̀, títí dòní. Nígbà ayé Shakespeare, aṣọ ìgbà tiwọn ni àwọn òṣèré fi ń ṣeré. Ẹni tó bá ṣe ọmọ Verona lórí ìtàgé Lọ́ńdọ̀nù, aṣọ ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ló wọ̀, idà tó kọ́ sí ìbàdí sì ni irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi pa ara wọn ládùúgbò. Ọmọkùnrin ló ń ṣe Juliet. Àwọn mẹ̀kúnnù á san kọ́bọ̀ kan, wọ́n á dúró nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ oòrùn, wọ́n á sì máa dá àwọn òṣèré lóhùn. Ọdún 1997 yẹn gan-an ni wọ́n ṣí Globe tuntun, ilé eré tí wọ́n kọ́ bí ti àtijọ́ létí odò Thames, ní Southwark, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà tó ni Peckham. Àwọn èèyàn ń sanwó láti lọ dúró nílẹ̀ẹ́lẹ̀ bíi ti ìgbà náà. Bẹ́ẹ̀, nínú sinimá tiwa, àwọn ọmọ Peckham ń dá òṣèré lóhùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Nígbà tó di ọdún 1998, ẹgbẹ́ BAFTA fún Luhrmann ní ẹ̀bùn olùdarí tó dára jù lọ fún fíìmù náà, pẹ̀lú ẹ̀bùn fún àkọsílẹ̀ eré, orin àti ìṣètò ibi ìṣeré. Mo rántí bàbá yẹn lọ́jọ́ tí mo kà á nínú ìwé ìròyìn.

Èmi ti gbọ́ irú igbe yẹn rí kí n tó mọ Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n kó wa lọ wo eré Ọlá Rótìmí, The Gods Are Not to Blame, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ifẹ̀ lọ́dún 1968. Ìtàn Gíríìkì ni, ti Ọba Oedipus tó pa bàbá rẹ̀ tó sì fẹ́ ìyá rẹ̀ láìmọ̀. Rótìmí gbé e wá sílẹ̀ Yorùbá, Oedipus di Ọdẹ́wálé, ìlú rẹ̀ di Kútùjẹ́. Nígbà tí ọba bẹ̀rẹ̀ sí í tọpinpin ara rẹ̀, tó ń fipá mú ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe rí i nínú igbó pé kó sọ̀rọ̀, gbogbo wa tí a wà lórí àga dìde. À ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sílẹ̀. Olùkọ́ wa kò ní ká jókòó. Òun fúnra rẹ̀ ń mi orí, ó ń sọ pé, "Ọba, ó tó, ẹ jẹ́ ó tó."

Bàbá mi wo Ọba Kò So rí, nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ ń gbé e káàkiri, kó tó gbé e lọ sí Berlin lọ́dún 1964 àti sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1965. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ ni pé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ ibi tí Ṣàngó ń lọ, kò sì sẹ́ni tí kò bá a dá sí i. Èrò kì í gbàgbé pé eré ni. Wọ́n mọ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọn kò jẹ́ kí ẹni tó wà nínú ìṣòro dá wà níbẹ̀. Ohun tí mo rí nínú àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù yẹn nìyẹn, funfun àti dúdú wọn, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí n kò fi tan tọ́ọ̀ṣì sójú ẹnikẹ́ni nígbà tí Juliet bá lajú. Máníjà wa náà kò bi mí. Àwọn ìgbà kan wà tó máa ń yọ́ wọlé wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fún ìṣẹ́jú yẹn nìkan.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọkùnrin ni mo fẹ́ sọ díẹ̀ sí i. Wọ́n máa ń wá lẹ́gbẹẹgbẹ́, wọ́n á jókòó sẹ́yìn, ẹsẹ̀ lórí àga iwájú. Ìbọn ni wọ́n wá wò. Ẹ rántí ìgbà tí a wà. Ní 13 oṣù Kẹta ọdún 1996, ọkùnrin kan wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Dunblane, ní Skọ́tílándì, ó yìnbọn pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn. Gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sunkún. Oṣù kan péré kí fíìmù wa tó dé ni òfin tó ka ọ̀pọ̀ ìbọn ìléwọ́ léèwọ̀ jáde. Ẹ̀wẹ̀, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù tiwa níhìn-ín, ní Eltham, wọ́n ti gún Stephen Lawrence pa ní ibùdó bọ́ọ̀sì ní oṣù Kẹrin ọdún 1993. Ọmọ ọdún 18 ni. Oṣù Kejì ọdún 1997 ni ilé ẹjọ́ tó ń wádìí ikú sọ pé àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó márùn-ún ló pa á láìṣẹ̀ láìrò, nítorí àwọ̀ rẹ̀, ìwé ìròyìn Daily Mail sì gbé àwòrán àwọn márùn-ún tí wọ́n fura sí síta. Kò sí ilé ọmọ adúláwọ̀ kan tí ọ̀rọ̀ náà kò sí lẹ́nu.

Inú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ikú Mercutio bọ́ sí. Harold Perrineau, òṣèré adúláwọ̀, ló ṣe Mercutio, ọ̀rẹ́ Romeo tí kì í ṣe ọmọ ilé kankan nínú ilé méjèèjì. Ó jó lóde àríyá pẹ̀lú aṣọ obìnrin àti irun funfun àtọwọ́dá, gbogbo ilé sinimá ló máa ń pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn ọmọkùnrin ẹ̀yìn yẹn fẹ́ràn rẹ̀ ju Romeo lọ. Lẹ́yìn náà, létí òkun, Tybalt ń lu Romeo, Romeo kọ̀ kò fẹ́ jà, Mercutio kò lè gbà á, ó wọ̀jà, Tybalt sì mú èéfọ́ ìgò gún un. Kì í ṣe ìbọn. Pẹ̀lú gbogbo ìbọn tó wà nínú fíìmù náà, nǹkan tó mú ni wọ́n fi gún ọmọ adúláwọ̀ náà. Ó kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan, ó ń rẹ́rìn-ín. Afẹ́fẹ́ ń jà lẹ́yìn rẹ̀, ojú ọ̀run dúdú. Ìjì gidi ló jà létí òkun Veracruz níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù náà. Ó ṣí ọgbẹ́ náà wò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè.

Èpè tó ṣẹ́, ilé méjèèjì ló ṣẹ́ ẹ fún, ti ọ̀tá àti ti ọ̀rẹ́. Kò sí Yorùbá tí kò mọ ohun tí èpè ẹni tó ń kú lọ jẹ́. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí èèyàn jẹ́ Yorùbá. Lẹ́yìn níbẹ̀, ẹsẹ̀ máa ń kúrò lórí àga. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn, ó ga, ó máa ń pariwo ju gbogbo wọn lọ tí wọ́n bá ń wọlé. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wò ó, òun ló gbẹ̀yìn jáde. Orúkọ àwọn òṣèré ti ń lọ sókè, iná ti tàn, ó ṣì jókòó. Mo lọ bá a pé a fẹ́ gbálẹ̀. Ó bi mí bóyá Mercutio ì bá yè ká ní wọ́n tètè gbé e dé ọsibítù. Bó ṣe bi mí, bí ẹni pé èmi lè mọ̀ ni. Mo jókòó tì í, a sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ nípa ibi tí ọgbẹ́ náà wà, bí ọ̀nà ṣe jìn sí, àti ìdí tí Romeo fi gbé ìbọn lé Tybalt dípò kó gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde. Ọ̀rọ̀ gidi la jọ sọ. Mi ò rí olùkọ́ lítírésọ̀ tó béèrè ohun tó dára ju ìyẹn lọ.

Láti ìjọ wa ní Peckham, ọmọbìnrin kan wà tó ń wò ó ní àwòtúnwò. Ọmọ ọdún 13 ni, ó fi ọdún kan péré ju ọjọ́ orí tí òfin fàyè gbà láti wo fíìmù náà. Juliet inú ìwé gan-an kò tíì pé 14. Ìyá Ìjọ ni màmá rẹ̀. Ọmọ náà bá mi lẹ́yìn ìsìn pé, "Ọ́ńkù, ṣé ìwé ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín?" Mo yá a ní ìwé mi, èyí tí mo rà lọ́jà létí odò. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, inú ń bí i. Ó ní wọ́n parọ́ fún òun. Nínú ìwé, Romeo ti kú pátápátá kí Juliet tó jí. Wọn kò ríra mọ́. Ó bi mí pé èwo gan-an ló ṣẹlẹ̀.

Mo sọ fún un pé Luhrmann kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe é bẹ́ẹ̀. David Garrick, àgbà òṣèré Lọ́ńdọ̀nù, ti jí Juliet dìde kí Romeo tó kú nínú èyí tó gbé jáde lọ́dún 1748, ó sì fún wọn ní ọ̀rọ̀ gígùn sọ, àwọn èèyàn sì ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Luhrmann kò fún wọn ní ọ̀rọ̀ gígùn. Èémí díẹ̀ ló fún wọn: ó tó kí Romeo mọ̀ pé kò yẹ kí òun mu ún, kò tó láti ṣe nǹkan kan sí i. Ọmọbìnrin náà rò ó títí. Ó ní ti fíìmù burú jù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀ jù. Mo ní èmi náà.

Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n máa kú. Obìnrin oníròyìn yẹn ti sọ ọ́ kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀, bí Shakespeare náà ṣe sọ ọ́. Àwọn mìíràn ti wò ó tó ìgbà mélòó kan, wọ́n mọ ìṣẹ́jú tí ojú máa là, síbẹ̀ wọ́n ń ké pè é. Ẹni tó bá mọ òpin ìtàn ló lè ké bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀, ẹnu á kàn yà á ni.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Ìyá Ìjọ fúnra rẹ̀ wá. Ó fẹ́ mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń fi owó wò, ó sì ti gbọ́ pé ère Màríà àti àgbélébùú wà káàkiri inú rẹ̀, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n gbé e jáde ní Gúdù Fúráìdè. Ó wọ gèlè, ó gbé fúláàsì tíì dání. Mo mú un jókòó síbi tó ti lè ríran dáadáa, ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ibi tí bàbá Juliet ti ń fi ìbínú sọ fún ọmọ pé dandan ni kó fẹ́ Paris, tó ń gbá a mọ́lẹ̀, tó ní òun yóò lé e síta, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń hó lé bàbá lórí. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n hó. Ìyá Ìjọ kò mira. Mo rí i tó yíjú wo ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò wò ó. Nígbà tí alágbàtọ́ Juliet yí ohùn padà, tó ní kí Juliet gbà fún bàbá rẹ̀, Ìyá Ìjọ pòṣé, òṣé náà dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn pátá. Nígbà tí lẹ́tà àlùfáà tó so àwọn ọmọ náà pọ̀ kò dé ọwọ́ Romeo nínú aṣálẹ̀ tó sá lọ, Ìyá Ìjọ ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Nígbà tí ojú là, kò ké bí àwọn yòókù. Ó dìde dúró. Gèlè rẹ̀ bo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lójú, ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé kó jókòó.

Níta, ní ibùdó bọ́ọ̀sì, mo sìn wọ́n lọ torí pé mo ti parí iṣẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbélébùú ni yóò kọ́kọ́ sọ. Kò dárúkọ rẹ̀ rárá.

"Àlùfáà yẹn ni kí wọ́n mú," ó ní. "Ọmọdé méjì wá bá ọ, o so wọ́n pọ̀, o kò sọ fún òbí, ó wá di wàhálà tán, oògùn oorun lo fún ọmọlọ́mọ. Ṣé iṣẹ́ Ọlọ́run nìyẹn?"

Ọmọ rẹ̀ ní, "Màmi, ẹ̀rù bàbá wọn ló ń bà wọ́n."

"Mo rí bàbá wọn. Àwọn bàbá méjèèjì ńkọ́? Òkú àwọn ọmọ wà nílẹ̀, ọlọ́pàá ń pariwo lé wọn lórí, wọ́n dúró bí igi. Ẹnì kan kò na ọwọ́ sí ẹnì kejì. Ibẹ̀ ni fíìmù náà parí sí?"

Mo ní, "Nínú ìwé wọ́n bọwọ́ o, mà. Àwọn bàbá náà bọ ara wọn lọ́wọ́, ọ̀kan ní òun yóò fi wúrà ṣe ère Juliet, èkejì ní òun náà yóò ṣe ti Romeo."

Ìyá Ìjọ wò mí. "Ère?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ti wúrà."

"Nígbà tí ọmọ wà láyé, wọn kò lè fún wọn ní ilẹ̀kùn tí wọ́n máa gbà wọlé. Ó dára bí wọn kò ṣe fi sínú fíìmù. Kí wọ́n máa lọ sílé bẹ́ẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ ní rárá, ti ìwé ló dáa, pé ó yẹ kí nǹkan kan ti inú rẹ̀ jáde, pé bí wọn kò bá bọwọ́, ìjà náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ mìíràn yóò sì kú. Màmá rẹ̀ ní bíbọwọ́ kò dá ìjà dúró, pé òun ti rí àwọn tó bọwọ́. Mo fẹ́ bá wọn dá sí i. Ti Ìyá Ìjọ ni mo fara mọ́, mo sì ṣì fara mọ́ ọn. Àmọ́ bọ́ọ̀sì 36 dé, wọ́n wọlé, mo ń rí wọn láti ojú fèrèsé bí wọ́n ṣe ń jókòó, ọmọ ń ka nǹkan lórí ìka rẹ̀ fún ìyá, ìyá ń ju ọwọ́, kò sì sí èyí tó fẹ́ gbà fún èkejì nínú wọn.